Ẹ Yé Bú Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ninth Mile: Àwòrán Tí Ẹ Ń Rán Ló Wúwo

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun nílẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ ta kò ó láìfi epo bọ iyọ̀. Èrò náà ni pé tí virtual desktop bá ń lọ́ra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Tí kì í bá ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á jẹ́ pé sẹ́fà ni kò lágbára tó. Oògùn tí wọ́n sì ń tà fún wa kò ju méjì lọ: ẹ lọ ra dátà tó pọ̀ ju èyí tí ẹ ní lọ, tàbí kí ẹ lọ ra káàdì gíráfíìsì olówó ńlá sínú sẹ́fà. Ibi yòówù kí ènìyàn gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, ìdáhùn kan náà ni. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti pè mí sí irú ọ̀rọ̀ yìí, àwòrán tí wọ́n ní kí sẹ́fà máa rán wá ló pọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ lọ, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan sẹ́tíńgì tó ń darí àwòrán ọ̀hún láti ọjọ́ tí wọ́n ti to gbogbo rẹ̀.

Ninth Mile Corner ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti hàn sí mi jù. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Enugu, tàbí tó gba Nsukka kọjá lọ sí Otukpo àti Makurdi, mọ oríta náà dáadáa. Ilẹ̀ Ngwo ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Udi, kí ọ̀nà àtijọ́ tó dà gẹ̀rẹ̀ gba òkè Milliken wọ inú ìlú Enugu. Òkpà gbígbóná tí àwọn obìnrin ń gbé sá tẹ̀lé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò fi ń rántí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ilé iṣẹ́ ni. Omi tó wà nínú yanrìn abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ló fa àwọn tó ń ṣe ohun mímu wá: Nigerian Breweries ṣí ilé ọtí Ama síbẹ̀ ní 2003, àwọn tó ń ṣe Coca-Cola àti àwọn tó ń ṣe 7Up náà sì ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Ibi tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, alágbàtà á wà níbẹ̀, onílé ìkẹ́rùsí á wà, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù á wà, oníbánkì náà á sì wà. Gbogbo wọn ló ní ìwé ìṣirò tó gbọ́dọ̀ dé orí kọ̀ǹpútà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìwé ìṣirò yìí kì í sábà sí ní Ninth Mile fúnra rẹ̀ mọ́. Èkó ni sẹ́fà rẹ̀ wà, tàbí South Africa, níbi tí Microsoft ti ṣí ilé sẹ́fà ńlá rẹ̀ ní 2019, tí Amazon sì ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní 2020, tàbí kí ó tilẹ̀ wà ní Yúróòpù. Akọ̀wé tó jókòó ní Ninth Mile ń wo kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè ni. Ohun tó bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù á gba okùn lọ bá sẹ́fà, sẹ́fà á ṣe iṣẹ́ náà, á sì fi àwòrán ohun tó ṣe ránṣẹ́ padà. Virtual desktop kò ju ìyẹn lọ. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ilé iṣẹ́ Citrix, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò. Microsoft gbé ọ̀nà tirẹ̀, RDP, jáde ní 1998 pẹ̀lú Windows NT 4.0 ti Terminal Server.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ń lọ tó ń bọ̀, kò sí ọ̀nà iṣẹ́ tó bá wa mu tó o. Bí iná bá lọ ní Ninth Mile, iṣẹ́ tí akọ̀wé ń ṣe kò bá iná lọ. Ó ṣì wà ní ṣíṣí lórí sẹ́fà, bó ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, á wọlé padà, á bá lẹ́tà tó tẹ̀ kẹ́yìn níbi tó wà. Bí olè bá gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ, kò gbé àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè ṣiṣẹ́ tí èyí tó gbówó lórí ń ṣe. Èyí ló fi ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ilé iṣẹ́ tó pa á tì, tó padà sórí ìwé àti kálámù, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì apá ibẹ̀ yẹn kò lè gbé e.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí okùn ń gbé. Àwọn àmì tíntìntín ló ń para pọ̀ di àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Full HD ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òòró. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ óò rí 2,073,600. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4, nítorí náà àwòrán kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8.3. Ọ̀pọ̀ ètò virtual desktop ni wọ́n sì ṣe láti máa rán àwòrán tó tó 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí kò bá sí ọgbọ́n ìfúnpọ̀ kankan, ìyẹn á jẹ́ mẹ́gábáìtì 249 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí dátà rẹ̀ lè gbà á, ní Ninth Mile tàbí ní London.

Ọgbọ́n ìfúnpọ̀ wà, dájúdájú. Sẹ́fà kì í rán gbogbo ojú kọ̀ǹpútà léraléra. Ibi tó bá yí padà nìkan ló ń rán, á sì fún un pọ̀ kó tó rán an. Ojú ìwé ìṣirò tó dúró jẹ́ẹ́ kò ná ènìyàn ní ohunkóhun tó ṣeé dárúkọ. Ohun tó ń náni lówó ni ohun tó ń mira: àwòrán ẹ̀yìn tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, fèrèsé tó ń rọra yọ wọlé tó ń rọra pòórá, àkójọ tó ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, fídíò ìpolówó tó ń dá ṣeré ní igun ojú ìwé ìròyìn, àti fèrèsé tí ènìyàn ń wọ́ kiri tí gbogbo inú rẹ̀ ń bá a rìn. Kò sí èyí tó kan ìwé ọjà nínú wọn, síbẹ̀ àwọn gan-an ló kún okùn.

Níbí ni àwọn tó ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣìnà jù. Ẹni tó bá ti dúró ní oríta Ninth Mile nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún ọtí bá tò gùn lórí ọ̀nà Nsukka mọ bó ṣe máa ń rí fún ọlọ́kadà tó wà láàárín wọn: ọ̀nà kò bàjẹ́, alùpùpù rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹrù rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ, síbẹ̀ kò lè kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan tí akọ̀wé tẹ̀ ṣe ń rí. Ìdáhùn sẹ́fà sí lẹ́tà yẹn kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwòrán ẹ̀yìn àti fèrèsé tó ń jó ló tò sí. Akọ̀wé á tẹ nọ́ńbà, kò ní rí i. Á tún un tẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá là, ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ńbà á yọ, á wá di àṣìṣe nínú ìwé gbèsè.

Àwọn kan á ní jíjìn tí a jìn sí sẹ́fà ló fà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyẹn náà. Okùn abẹ́ òkun MainOne, tó dé Èkó láti ilẹ̀ Pọtogí ní 2010, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú okùn gíláàsì ní nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ sí Yúróòpù á wá jẹ́ nǹkan bíi 70 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, kí a sì fi díẹ̀ lé e fún ọ̀nà Èkó sí Enugu àti fún àwọn ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà. Tí ó bá tilẹ̀ di ìlọ́po méjì ìyẹn, ènìyàn ṣì lè tẹ̀wé nírọ̀rùn. Ohun tí àwọn akọ̀wé ń sunkún lé lórí jù ú lọ fíìfíì: ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, nígbà mìíràn mẹ́ta. Jíjìn kò lè ṣàlàyé ìyẹn. Àwòrán tó ń tò ló lè ṣàlàyé rẹ̀.

Mo gbà pé àwọn ọjọ́ kan wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ̀bi pátápátá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ Abidjan, kò sí sẹ́tíńgì tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ilé ìfowópamọ́ pàápàá dákú. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojoojúmọ́. A kò sì gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ àjálù kan bo ìwà àìbìkítà tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́.

Ilé ìkẹ́rùsí kan wà ní Ninth Mile tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí wọ́n ké sí mi, wọ́n ti ra Starlink, èyí tó wọ Nàìjíríà ní 2023, wọ́n ti gbé àwo rẹ̀ sórí òrùlé, virtual desktop ṣì ń lọ́ra. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yá. Mo wọ̀n ọ́n. Ojú kọ̀ǹpútà ńlá méjì ni akọ̀wé ibẹ̀ ní níwájú, ẹnì kan ní Èkó sì ti ṣètò pé kí virtual desktop máa kún méjèèjì. Àwọn fọ́tò ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àwòrán ẹ̀yìn, ó sì ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó lè mira ló ń mira. Ọ̀nà UDP, tí Microsoft fi kún RDP láti 2012 kí àwòrán má baà dúró de èyí tó sọnù lójú ọ̀nà, ni ẹ̀rọ ààbò wọn dí pa. Iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe lórí gbogbo ẹ̀ṣọ́ yìí ni kíkọ iye páálí tó wọlé àti iye tó jáde. Ó sọ fún mi pé àwọn ọ̀gá òun gbà pé òun ló ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Ẹ̀sùn yẹn ló bí mi nínú jù. Obìnrin náà kò ní àṣẹ láti yọ àwòrán ẹ̀yìn kúrò. Ó gbìyànjú, ètò ilé iṣẹ́ dí i lọ́wọ́. Ẹni tó ní àṣẹ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé ní Èkó, níbi tí ohun gbogbo ti ń yára, kò sì tíì rí ohun tí ó to kalẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń lò ó rí. Nígbà tí a gba àṣẹ, a fi virtual desktop sí ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ní 1,366 sí 768. Píksẹ́lì 1,049,088 ni ìyẹn, nǹkan bíi ìdajì Full HD kan, kí a má tilẹ̀ wá sọ ti méjì. A yọ àwòrán ẹ̀yìn, a pa gbogbo ìmìra, a ṣí UDP láàárín wọn àti ẹnu ọ̀nà sẹ́fà nìkan, a sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa fi àwòrán tó ti rí tẹ́lẹ̀ pamọ́ kó má baà tún un gbà lọ́tun. Ojúmọ́ kejì, lẹ́tà ń jáde bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n rà.

Owó tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó iṣẹ́ wọn. Virtual desktop tó bá ń fa mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 8 á jẹ gígábáìtì 3.6 lójúmọ́. Tí a bá dín in kù sí kílóbíìtì 300, kò ní jẹ ju gígábáìtì 1.1 lọ. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju gígábáìtì 55 lọ fún akọ̀wé kan. Ilé iṣẹ́ tó ní akọ̀wé mẹ́wàá ń sun owó yìí níná lóṣooṣù, ó sì ń ṣàròyé pé òwò kò lọ déédéé.

Àwọn alátakò mi ní ìdáhùn, mo sì ti gbọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ètò òde òní gbọ́n, wọ́n lè wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn kí wọ́n sì mú àwòrán tó bá a mu. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Okùn ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kò wọn iṣẹ́. Kò sí ètò kankan tó mọ̀ pé iye páálí ni akọ̀wé ń kọ, pé kò nílò fọ́tò tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Bí okùn bá fẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ètò á kún un. Bí gbogbo àdúgbò bá dé orí rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ètò á bẹ̀rẹ̀ sí í já àwòrán sílẹ̀, lẹ́tà náà á sì bá a lọ. Kò sì sí èyí tó mọ iye tí dátà ń tà ní Nàìjíríà.

Wọ́n tún ní káàdì gíráfíìsì ló lè yanjú rẹ̀. Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya ilé ní ọgbà Yunifásítì Nàìjíríà tó wà nínú ìlú Enugu, tó ń yí àwòrán ilé alájà mẹ́ta sọ́tùn-ún sósì, nílò káàdì gíráfíìsì nínú sẹ́fà, n kò sì ní bá a jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gé fídíò, tàbí dókítà tó ń wo fọ́tò inú ara. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju Excel lọ. Káàdì gíráfíìsì á ran sẹ́fà lọ́wọ́ láti ya àwòrán àti láti fún un pọ̀ kíákíá. Kò lè fẹ ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé Ninth Mile. Lórí owó káàdì, ètò NVIDIA tí wọ́n fi ń pín in fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba owó àṣẹ ìlò lórí oníkálukú, dọ́là sì ni, ní ilẹ̀ tí náírà ti wọlẹ̀ gan-an láti oṣù Kẹfà 2023. Kí ẹ sì rántí RemoteFX vGPU, ọ̀nà tí Microsoft fúnra rẹ̀ fi ń pín káàdì gíráfíìsì láàárín àwọn virtual desktop. Wọ́n rí àléébù ààbò nínú rẹ̀ tí wọn kò lè tún ṣe, wọ́n pa á ní oṣù Keje 2020, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò pátápátá ní oṣù Kẹrin 2021. Ẹni tó gbé gbogbo ètò rẹ̀ lé e lórí pàdánù ètò náà láìṣẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dín àwòrán rẹ̀ kù kò pàdánù ohunkóhun.

   

Mo ní kí a dín àwòrán kù, ṣùgbọ́n mi ò ní kí a ba lẹ́tà jẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwòrán wúwo, gbogbo àmì tó wà nínú sẹ́tíńgì ni wọ́n á yọ, títí kan èyí tó ń mú ẹnu lẹ́tà dán, wọ́n á sì fa ìfúnpọ̀ sókè títí ojú á fi rí wúruwùru. Fún ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó lè fara dà á. Fún wa, ìparun ni. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn tó wà lókè, ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ìfúnpọ̀ líle máa ń gbé mì. Àwọn ará Ngwo náà ní ị, ọ àti ụ tiwọn. Orúkọ oníbàárà tí àmì rẹ̀ ti pòórá lórí ojú kọ̀ǹpútà ni akọ̀wé á tún kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, orúkọ ẹlòmíràn á sì di tirẹ̀.

Àwọ̀ náà ń jìyà. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀nà fídíò lásán rán gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, píksẹ́lì mẹ́rin ló máa ń pín àwọ̀ kan lò. Lẹ́tà dúdú lórí funfun á ṣì ṣeé kà, torí ìmọ́lẹ̀ kò dín kù, àwọ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣirò a máa fi pupa kọ gbèsè, pupa yẹn ló sì máa ń tàn ká tí 3 á fi jọ 8. Ojútùú rẹ̀ wà láti ọjọ́ pípẹ́. RDP ti Windows 10 àti Windows Server 2016 ní ọ̀nà AVC 444 tí kò gé àwọ̀ kù. Citrix ní ìlànà tó ń jẹ́ kí ibi tó ń mira nìkan gba ọ̀nà fídíò, kí lẹ́tà gba ọ̀nà tirẹ̀ tó mọ́. PCoIP, ọ̀nà tí Teradici ṣe, máa ń kọ́kọ́ rán àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, á sì tún un ṣe di mímọ́ gaara nígbà tí ojú bá dúró. Nítorí náà, iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ni kí ẹ gé: láti 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 15 tàbí 10, kò sí akọ̀wé tó máa mọ ìyàtọ̀ nínú ìwé páálí. Iye píksẹ́lì ni kí ẹ gé, kí ẹ jẹ́ kí virtual desktop wà nínú fèrèsé tó tó o, dípò kí ẹ na àwòrán kékeré bo ojú ńlá kó lè di rúdurùdu. Ẹnu lẹ́tà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Àṣà àtijọ́ pé kí a sọ àwọ̀ di bíìtì 16, ẹ gbàgbé rẹ̀. Lórí ètò tuntun, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìdáhùn kan tún kù tí wọ́n ń fún mi, òun ló le jù, torí ó kan iyì ènìyàn. Wọ́n ní: ṣé torí pé a wà ní Ninth Mile ni kí tiwa fi burẹ́wà ju ti Èkó lọ? Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ̀, mi ò sì ní fojú kékeré wò ó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àjẹkù ránṣẹ́ sí àwọn tí kò sí ní ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n iyì akọ̀wé kò sí nínú fọ́tò tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Iyì rẹ̀ ni kí nọ́ńbà tó tẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di aago márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ nítorí ohun tí ẹlòmíràn tò kalẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ jẹ́ àbùkù gidi ni pé wọ́n gba àṣẹ yíyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ àwòrán ẹ̀yìn, kí ó fi síbẹ̀. Bí kò bá fẹ́, kí ó yọ ọ́. Nínú ètò RDP tó wà lórí Windows gbogbo wa, ojú ewé kan wà tí ènìyàn ti lè yan èyí tó wù ú nínú àwòrán ẹ̀yìn, ìmìra àti ẹnu lẹ́tà kó tó wọlé. Àwọn tó ṣe ètò náà fún aṣàmúlò ní àṣẹ yẹn. Àwa ni a tì í pa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń sanwó, tí wọ́n bá tún gbé ìwé káàdì gíráfíìsì tàbí dátà ńlá wá fún yín láti fọwọ́ sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: píksẹ́lì mélòó ni akọ̀wé wa ń gbà, ẹ̀ẹ̀melòó ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ta ló sì yàn án? Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ará IT tó wà ní Èkó, ẹ ṣí sẹ́tíńgì àwòrán sílẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó. Kí ẹ sì tó sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dáa, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ninth Mile, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà akọ̀wé yín fún ọjọ́ iṣẹ́ kan gbáko, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ ìwé páálí ọjọ́ náà láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilé ìkẹ́rùsí.